Ohùn Màámi Lórí Ìlà Ọgbọ̀n Ọjọ́

Ọdún mẹ́ta ni màámi fi ń bá àwọn ìyá ọlọ́mọ tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ lórí fóònù, láti orí àga onítìmùtìmù inú pálọ̀ wa ní Ọ̀yọ́. Èmi ni mo kó iṣẹ́ náà bá a. Títí di òní, bí fóònù mi bá dún lọ́sàn-án nígbà tí mi ò retí ìpè ẹnikẹ́ni, òun ni ọkàn mi kọ́kọ́ máa ń lọ sí.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwa méjì péré la wà ní ọ́fíìsì wa, èmi àti ọ̀gá mi, obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Èkó kó tó padà sílé. Yàrá kan ni a gbà lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ti ń ta irin ìkọ́lé nísàlẹ̀, ariwo irin kì í sì í jẹ́ ká gbádùn. Iṣẹ́ wa ni láti máa rán àwọn ìyá létí ọjọ́ tí ọmọ wọn yóò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tó wà káàkiri, títí dé Ìrẹsà àti àwọn abúlé oko tó yí i ká, máa ń fi orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ránṣẹ́ sí wa. Àwa a wá ṣètò rẹ̀ kí ìpè dé ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ ní ọjọ́ kan ṣáájú.

Kì í ṣe àwa là ń tẹ nọ́ńbà, ẹ̀rọ ni. A yá àyè lọ́dọ̀ àwọn kan tó ní kọ̀ǹpútà ńláńlá lókè òkun, inú kọ̀ǹpútà wọn la sì ń to àwọn ìpè náà sí, bí èèyàn ṣe ń tò sẹ́nu ọ̀nà báǹkì. Ìpè kọ̀ọ̀kan jẹ́ iṣẹ́ kan lórí ìlà. Bí àkókò rẹ̀ bá tó, ẹ̀rọ a fà á jáde, a pe nọ́ńbà náà, a jẹ́ kí ohùn tó wà nínú rẹ̀ sọ̀rọ̀, a sì pa á rẹ́ kúrò lórí ìlà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni ẹ̀rọ fi òdiwọ̀n sí gbogbo ẹ̀. Iye ìpè tí a lè rán jáde lóòjọ́ ní ibi tó mọ. Bí iṣẹ́ kan ṣe lè tóbi tó ní ibi tó mọ. Iṣẹ́ kankan ò sì gbọdọ̀ dúró lórí ìlà ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ. Mo ka òfin wọn látòkè délẹ̀ lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, mo sì gbàgbé ẹ̀ bí èèyàn ṣe ń gbàgbé ìwé tó wà nínú páálí oògùn.

Ohùn ọ̀gá mi la kọ́kọ́ lò. Àwọn èèyàn ń gé ìpè náà. Wọ́n rò pé ìpolówó ọjà ni, tàbí gbájúẹ̀. Mo ń sọ ọ́ fún màámi ní Sátidé kan tí mo wá sílé, níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Nọ́ọ̀sì ni màámi kó tó fẹ̀yìntì, inú yàrá tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí ló sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ rẹ̀.

"Kí lẹ tiẹ̀ ń sọ fún wọn gan-an?" ó bi mí.

Mo jẹ́ kó gbọ́ ọ lórí fóònù mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀.

"Obìnrin tó pọn ọmọ sẹ́yìn, tó ń yan gààrí lọ́wọ́, lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kàwé òfin. Ẹ ò kí i. Ẹ ò béèrè ọmọ."

"Ẹ̀rọ ni, mà. Kò lè béèrè nǹkan kan."

"Ẹ̀rọ kọ́ ni yóò béèrè. Èmi ni. Gbé fóònù mi wá."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èyí tó kọ́kọ́ sọ gùn bíi lẹ́tà. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ojú ọjọ́. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Bàbá ọmọ ńkọ́? Ṣé òjò ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?" Ó béèrè bóyá ọmú ń dà dáadáa. Ó béèrè bóyá ọmọ ń sùn. Ìgbà tó bi wọ́n tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kan abẹ́rẹ́. Mo gbé e padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo fi sórí ìlà, ẹ̀rọ sì dá a padà pé ó ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà náà, inú iṣẹ́ gan-an la máa ń di ohùn sí. Ẹni tó mọṣẹ́ jù wá lọ ì bá ti fi ohùn pamọ́ síbòmíràn, kó kàn sọ fún ẹ̀rọ ibi tí yóò ti mú un. A ò mọ̀.

Mo pè é. "Màámi, ó ti gùn jù. Ẹ̀rọ ò gbà á."

"Ẹ̀rọ wo ni kò fẹ́ kí wọ́n kí èèyàn?"

"Ẹ gé e kù díẹ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó gé e. Ó kọ́kọ́ yọ òjò kúrò, lẹ́yìn náà ó yọ bàbá ọmọ, lẹ́yìn náà ọmú àti oorun. Ìgbà mẹ́rin ni mo dá a padà fún un. Nígbà tó yá, ó ku "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá" pẹ̀lú orúkọ ọmọ, ó ku "Ọ̀la lọjọ́ abẹ́rẹ́, ẹ má gbàgbé káàdì," ó sì ku "Ẹ bá mi kí i." Mo ní kó yọ ìyẹn náà. Ó ní òun ò yọ ọ́. Mo wọ̀n ọ́n, ó ku díẹ̀ kó kọjá òdiwọ̀n. Ẹ̀rọ gbà á.

Láàárọ̀ Friday ló máa ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ̀yìn ọjà Akẹ̀sán ni ilé wa wà, kí ariwo ọjà tó bẹ̀rẹ̀ ló sì máa ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti gbàdúrà àárọ̀ tán. Mo máa ń fi orúkọ àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Á dà wọ́n kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan, á wọ awòjú, á máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ mùsùlùmí tí kò bá dá a lójú, á rékọjá sọ́dọ̀ àáfà tó ń gbé lójúlé kejì, pé kí wọ́n bá òun pè é kóun gbọ́. Ó ní ìyá tó bá gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ lódìlódì kò ní í fọkàn sí ìyókù. Bó bá ti fi àwọn ohùn náà ránṣẹ́ sí mi tán, á nu gbogbo wọn kúrò lórí fóònù rẹ̀, nítorí èmi ni mo kọ́ ọ pé kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ kí fóònù má baà kún.

Àwọn ìyá ò gé ìpè mọ́. Àwọn ilé ìwòsàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.

Ọjọ́ kan wá dé tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fi abẹ́rẹ́ sí ọjọ́ kan náà. Ìpè tí a tò sílẹ̀ fún àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àwa méjèèjì ò sì rò ó. Kó tó di ọ̀sán, ìlà dúró gbagidi. A ti lo iye tí wọ́n fún wa lóòjọ́ tán. Ọ̀gá mi kọ̀wé sí àwọn tó ni ẹ̀rọ pé kí wọ́n bá wa fi kún un, wọ́n ní àwọn á wò ó láàárín ọjọ́ méjì. Ìrẹsà ló wà ní ìdí ìlà. Kò sí ìyá kankan níbẹ̀ tí fóònù rẹ̀ dún.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ pè wá. "Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, abẹ́rẹ́ wà nínú yìnyín, bẹ́ǹṣì ṣófo. Ṣé ẹ ò pè wọ́n ni?"

Mo sọ fún màámi. Mo rò pé ó máa bá mi wí. "Sọ fún nọ́ọ̀sì yẹn pé kó dá ọjọ́ mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ yìí," ó ní. "Èmi àti ìwọ jọ ń lọ síbẹ̀."

Ó wọ bọ́ọ̀sì láti Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì dá, mo pàdé rẹ̀ ní gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́, a gun ọ̀kadà méjì. Ó di ìborùn mọ́ orí, ó gbé báàgì lé itan bí ẹni ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, eruku sì bo bàtà rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti ránṣẹ́ kiri abúlé. Nígbà tí a dé, àwọn obìnrin ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màámi sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Obìnrin kan tó ń fún ọmọ lọ́mú gbójú sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa ń pè mí?"

"Èmi ni."

"Háà! Ohùn yẹn ni!" Ó yí sí àwọn tó kù. "Ẹ wá wo ìyá abẹ́rẹ́ o!"

Wọ́n rọ̀ gìrìrì yí i ká. Ọ̀kan fi ọmọ lé e lọ́wọ́, òmíràn ń kúnlẹ̀. Obìnrin kan tó ga, tó dúró ní ẹ̀yìn, ní òun bínú sí i díẹ̀. "Mo máa ń dá yín lóhùn, mà. Ẹ ó ní kí n bá yín kí ọmọ, n ó ní ó ti gbọ́, n ó tún máa bi yín léèrè ilé. Ẹ kì í dúró. Ẹ ó kàn gé e."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, màámi náà rín ín. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n ní gbogbo ohun tí mo ní kó gé kúrò. Ó béèrè ọkọ, ó béèrè òjò, ó béèrè oorun ọmọ. A ò kúrò níbẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀. Nígbà tí a ń padà bọ̀ tí ọ̀kadà dúró ra epo, ó wò mí, ó ní, "Wọ́n ti ń dá mi lóhùn látọjọ́ yìí. Mi ò gbọ́."

Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni màámi kú. Ó ti fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìbàdàn kó lò díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, nítorí náà ó gba ohùn oṣù kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì to gbogbo wọn sórí ìlà ní Friday yẹn. Ní Tuesday, ó ṣubú ní balùwẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Àáfà ojúlé kejì ló fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìgbà tí mo fi máa dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ti fi aṣọ bo ojú rẹ̀. A sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàámi. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń gbàlejò nílé, à ń dáhùn "ẹ kú àṣẹ̀yìndè," à ń kó àga jọ, à ń tú u ká.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọ̀gá mi pè mí. Ó kọ́kọ́ kí mi, ó tún kí mi, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu rẹ̀.

"Mi ò fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ tẹ́lẹ̀," ó ní. "Ohùn Mọ́mì ṣì wà lórí ìlà. Ojoojúmọ́ ló ń jáde. Mo fẹ́ dá a dúró, mo gbé ọwọ́ lé e, mi ò lè tẹ̀ ẹ́. Ohun tó o bá ní kí n ṣe ni n ó ṣe."

Mi ò rántí rárá. Ní gbogbo ìgbà tí a ń kọrin nídìí sàréè, màámi ń sọ fún ẹnì kan ní abúlé kan pé kó má gbàgbé káàdì.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n pa á kíákíá. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé òkú ń pe èèyàn lórí fóònù? Ìyá wa ni o, kì í ṣe rédíò."

"Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ yẹn ò yí padà, mà."

"Kí ẹlòmíràn pè wọ́n."

Mi ò bá a jiyàn. Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi lórí tábìlì ìjẹun, mo ṣí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ náà, mo jẹ́ kó gbọ́ ọ. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá…" Ohùn náà mọ́ kedere bí ẹni pé ilé ìdáná ló ti ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé "Ẹ bá mi kí i," ẹ̀gbọ́n mi fi ìborùn bojú.

"Jẹ́ kó parí iṣẹ́ ẹ̀," ó ní.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Láràárọ̀, kí n tó jókòó dáadáa, mo máa ń wo iye tó kù. Ó ń dín kù. Ohun tí èèyàn ń gbàdúrà sí nínú iṣẹ́ wa ni pé kí ìlà máa dín kù láìdúró, kí gbogbo ìpè jáde lákòókò. Ó wá di pé bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá fa ìpè kan sẹ́yìn, inú mi á dùn, ojú á sì tì mí. Mo da gbogbo èyí tó kù kọ sórí fóònù tèmi. Mo gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí ọ̀kadà, nínú bọ́ọ̀sì Ọ̀yọ́, lórí ìdúró. Kò sí èyí tó pe orúkọ mi níbẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń pè, kò sì sí èyí tó gùn nínú wọn. Èyí tó béèrè òjò àti oorun, mo wá a títí; ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi ti sọnù tipẹ́. Mo ṣí fóònù rẹ̀, mo tú u yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Ó ti nù ún kúrò, bí mo ṣe kọ́ ọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀gá mi ti jáde, mo ṣe nǹkan kan tí mi ò tíì sọ fún un. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn ohùn náà, mo fi sínú iṣẹ́ tuntun, mo kọ nọ́ńbà fóònù tèmi sí i, mo sì fi í sí ọjọ́ ìbí mi, oṣù mẹ́rin síwájú. Ẹ̀rọ dá a padà: ọjọ́ tí ẹ béèrè ti jìnnà jù. Mo fà á wá sí oṣù méjì. Ó dá a padà. Mo fi í sí ọgbọ̀n ọjọ́ géérégé, ó gbà á. Mo wò ó níbi tó jókòó sí ní ìdí ìlà. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Kí màámi máa pè mí ní ìyá ọmọ kan? Kó ní kí n mú káàdì wá? Mo fọwọ́ ara mi pa á rẹ́, mo sì sọ̀kalẹ̀ lọ dúró sáàárín àwọn tó ń gé irin, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè gbọ́ mi.

Ìpè tó kẹ́yìn jẹ́ ti obìnrin kan ní abúlé oko lẹ́yìn Ìrẹsà. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ló yẹ kó jáde. Èmi àti ọ̀gá mi jókòó, a ń wò ó. Fóònù obìnrin náà kò lọ. Ẹ̀rọ dúró díẹ̀, ó tún pè, kò lọ. Ìgbà márùn-ún ni a ti ní kó gbìyànjú mọ, kó má baà máa da èèyàn láàmú. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó sọ iṣẹ́ náà nù. Ìlà ṣófo.

Ọ̀gá mi dìde. "Gbé ọ̀kadà," ó ní. "Máa lọ."

Nọ́ọ̀sì Ìrẹsà ló júwe ilé náà fún mi. Obìnrin náà ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn mọ́sáláṣí, ọmọ rẹ̀ ń rákò láàárín èèpo. Fóònù rẹ̀ ti kú láti ọjọ́ méjì, ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó máa ń bá wọn gba iná sí i. Mo kí i, mo sọ ibi tí mo ti wá, mo ní mo ní ìpè kan fún un. Mo gbé fóònù tèmi jáde, mo jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá…"

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó fi ìdí aṣọ nu ọwọ́. "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Àlàáfíà la wà o. Ọmọ ti ń rákò." Ó tẹ́tí títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ó wò mí. "Ṣé ara Mọ́mì yá? Àwọn náà ló pè mí nígbà ẹ̀gbọ́n ẹ̀."

Mo ti rò ó lórí ọ̀kadà pé mi ò ní í sọ ọ́. "Wọ́n ti kú, mà," mo ní. "Ìyá mi ni wọ́n. Ó kù díẹ̀ kó pé oṣù kan."

Kò pariwo. Ó gbé ọmọ náà kúrò nílẹ̀, ó gbọn èèpo kúrò lára rẹ̀, ó nà án sí mi. "Òun ni wọ́n ní kí n kí," ó ní. "Ẹ bá wọn gbé e." Mo gbé e. Ó wúwo, ẹ̀gẹ́ ń rùn lára rẹ̀, ó sì di bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì mi mú. Obìnrin náà ní kí n jọ̀ọ́, kí n tún fi ohùn náà sí i. Mo fi sí i lẹ́ẹ̀mejì sí i.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé ìyá àti ọmọ ti dé, ọmọ ti gba abẹ́rẹ́.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń bá wa ka àwọn orúkọ báyìí. Ó mọ̀ ọ́n kà. A ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn pamọ́ síbòmíràn, kò sí ẹni tí a ń sọ fún pé kó gé ìkíni kù mọ́. Ilé wa ní Ọ̀yọ́ ṣì wà ní títì. Mo máa ń lọ sùn níbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, mo máa ń ṣí fèrèsé, mo sì máa ń jókòó sórí àga tó dojú kọ tirẹ̀ títí ọjà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó yẹ ká wá ayálégbé sí i. Òótọ́ ló sọ. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi di ìgbà òjò.